Ìwé Ìwádìí Kékeré Lórí Ẹrù Tó Ti Kúrò Níbi Kan Tí Kò Sì Tíì Dé Ibòmíràn

Ẹrù tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ láti òkè òkun máa ń wà ní ọ̀kan nínú ipò mẹ́ta. Ó lè wà lọ́wọ́ ẹni tó fi í ránṣẹ́. Ó lè wà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí. Ó sì lè wà ní ipò kẹta, èyí tí ìwé yìí dá lé. Ipò kẹta ló máa ń gùn jù nínú ìrìn àjò ẹrù, síbẹ̀ a kò tíì fún un lórúkọ tirẹ̀ ní èdè wa. Mo ń pè é ní Àárín.

Ẹ̀rí tí mo gbé ìwádìí yìí lé ni ẹrù méje tí àbúrò mi obìnrin fi ránṣẹ́ sí ìyá wa láàárín ọdún mẹ́ta, àti ìwé àkọsílẹ̀ ẹlẹ́yìn pupa kan tí mo ń kọ gbogbo ìlà tó bá yọ lórí fóònù sí, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ kankan, nítorí pé ohun tí mo rí kì í ṣe àléébù ilé iṣẹ́ kan. Bí wọ́n ṣe to ètò náà ló bí i.

Ká kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ wò. Àwọn oníròyìn fẹ́ràn láti sọ pé wọ́n dá ẹrù dúró. Nínú èdè Yorùbá, ohun tí wọ́n bá dá dúró gbọ́dọ̀ ní ẹni tó dá a dúró. Ọlọ́pàá ń dá ọkọ̀ dúró, òjò ń dá aláṣọ dúró lójà, àna ń dá ọkọ ìyàwó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ohun tó bá pẹ́ kò nílò ẹnikẹ́ni. Ó pẹ́ náà ni. Ìyá mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, kò fìgbà kan sọ pé wọ́n dá ẹrù òun dúró. Ohun tó máa ń wí ni pé, "Ó mà ti ń pẹ́ o." Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, mo gbà pé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló bá òtítọ́ mu. Nínú ẹrù méje, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo rí ẹni tó dá a dúró.

Ohun tí mo fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé nǹkan méjì ló ń rìn lójú ọ̀nà náà. Ẹrù ń rìn, ìròyìn ẹrù sì ń rìn. Ọ̀tọ̀ ni ẹsẹ̀ ẹrù, ọ̀tọ̀ ni ẹsẹ̀ ìròyìn. Nígbà tí a bá gbé fóònù sójú tí a ní ẹrù kò kúrò lójú kan, lọ́pọ̀ ìgbà ìròyìn ni kò kúrò lójú kan.

Nọ́ńbà Ìtọpa

Àwọn orílẹ̀-èdè 22 ló fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ìlú Bern ní Switzerland, ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún 1874, pé kí gbogbo ilẹ̀ wọn di ilẹ̀ ìfìwéránṣẹ́ kan ṣoṣo. Àwọn 192 ló wà lónìí nínú àjọ ìfìwéránṣẹ́ àgbáyé tí àdéhùn náà bí. Nàìjíríà wọlé ní 1961. Àjọ yìí ló gbé òfin kalẹ̀ fún nọ́ńbà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹrù, S10 lorúkọ òfin náà. Àmì 13 ni: lẹ́tà méjì níwájú, díjíìtì mẹ́jọ, díjíìtì kan tó dá wà, lẹ́tà méjì lẹ́yìn. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ń sọ irú ohun tó jẹ́: C fún páálí, R fún lẹ́tà tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, E fún èyí tó ń sáré. Lẹ́tà méjì ìkẹyìn ń sọ ilẹ̀ tó ti gbéra: GB, US, NG, BJ.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ilẹ̀ tó ń lọ kò sí nínú nọ́ńbà náà. Ẹrù gbé orúkọ ilé tó ti jáde sára, bí ọmọ tó kúrò nílé ṣe ń gbé oríkì ìran rẹ̀ kiri ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Ibi tó ń lọ wà nínú àdírẹ́sì nìkan, ara bébà lásán ni àdírẹ́sì sì wà.

Díjíìtì tó dá wà yẹn ni ẹlẹ́rìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́rìí pé mẹ́jọ tó ṣáájú rẹ̀ pé, pé kò sí akọ̀wé tó ṣi ọ̀kankan kọ. Ẹ fi 8, 6, 4, 2, 3, 5, 9 àti 7 sọ àwọn mẹ́jọ náà di púpọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe tò, ẹ ró gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ fi 11 pín in, ẹ sì yọ ohun tó ṣẹ́kù kúrò nínú 11. Ká ní àwọn mẹ́jọ náà ni 10520364. Ẹ ó rí 8, 0, 20, 4, 0, 15, 54, 28. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 129. Bí a bá fi 11 pín in, ó ku 8. A yọ 8 kúrò nínú 11, ó ku 3. Ẹlẹ́rìí náà ni 3. Bí èsì bá jẹ́ 10, wọ́n á kọ 0. Bí ó bá jẹ́ 11, wọ́n á kọ 5. Mo ti fi bírò ṣe ìṣirò yìí fún ẹrù méjèèje, lórí tábìlì ìjẹun wa, gbogbo wọn ló sì pé. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé nọ́ńbà kò jẹ̀bi.

Àwọn baba wa mọ irú ẹlẹ́rìí yìí. Nínú àrokò, owó ẹyọ mẹ́fà tí wọ́n so pọ̀ ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ, nítorí ẹ̀fà ni mẹ́fà. Mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọ, nítorí ẹ̀jọ ni mẹ́jọ. Òfin àgbáyé mú díjíìtì mẹ́jọ, ó sì fi ẹyọ kan kún un láti fi mọ̀ bóyá wọ́n jọ. N kò sọ pé wọ́n gbà á lọ́wọ́ wa. Mo sọ pé ìbéèrè kan náà ló bí méjèèjì: báwo ni ẹni tó jìnnà ṣe máa mọ̀ pé ohun tí wọ́n rán sí òun ló dé ọwọ́ òun?

Ṣùgbọ́n àrokò ní ohun kan tí S10 kò ní. Ènìyàn ló ń gbé e. Ẹni tó gbé àrokò lè má mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀nà tó gbà, ó mọ odò tó kún, ó mọ ilé tó sùn. Bó bá pẹ́, wọ́n á bi í, á sì dáhùn. Ìròyìn àti ẹrù kò lè yà síra wọn, nítorí pé ọrùn kan náà ló ru méjèèjì.

Ọwọ́ Tó Kàn Án Kẹ́yìn

Àwọn ìlà tó ń yọ lórí fóònù ní àmì lábẹ́. EMA ni pé wọ́n ti gba ẹrù lọ́wọ́ ẹni tó mú un wá. EMB, ó ti dé ọ́fíìsì tí yóò ti bọ́ sí òkè òkun. EMC, ó ti kúrò níbẹ̀. EMD, ó ti wọ irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ kejì. EME, ó wà lọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù. EMF, ó ti jáde ní ọ́fíìsì náà. EMG, ó dé ilé ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò. EMH, wọ́n gbé e lọ, wọn kò lè fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. EMI, ó ti dé ọwọ́ ẹni tó ni àdírẹ́sì.

Mo ka àwọn mẹ́sàn-án yìí fún oṣù púpọ̀ kí ohun tó wà nínú wọn tó yé mi. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń sọ ibi tí ẹrù wà. Ibi tí ọwọ́ ènìyàn ti kàn án kẹ́yìn, tí ẹnì kan fi ẹ̀rọ ka ìlà dúdú ara rẹ̀, ni gbogbo wọn ń sọ. Bí aládùúgbò bá ní òun rí ọmọ yín ní Bódìjà ní aago mẹ́wàá àárọ̀, kò tíì sọ ibi tí ọmọ náà wà ní aago méjì ọ̀sán. A ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a ó sì máa wá ọmọ lọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ fóònù ló sọ ọ́, a ó jókòó, a ó gbà pé ọmọ ṣì wà ní Bódìjà.

Láàárín EMC àti EMD ni Àárín wà gan-an. Nínú àwọn ẹrù méje tí mo kọ sílẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ tó wà láàárín àmì méjì yìí ju gbogbo ìyókù lọ, bí a bá tilẹ̀ ró ìyókù pọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn òṣìṣẹ́ kò ṣiṣẹ́ wọn ni. Ó gbà mí lákòókò kí n tó mọ ohun tí àpò jẹ́.

Ní ọ́fíìsì tí ẹrù ti ń bọ́ sí òkè òkun, wọ́n ń kó o sínú àpò pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń di àpò náà pa. Láti ìgbà náà lọ, nọ́ńbà ẹrù sùn. Àpò ló ń jí. Àpò ní nọ́ńbà tirẹ̀, àmì 29, ó gùn ju ìlọ́po méjì ti ẹrù lọ: mẹ́fà fún ọ́fíìsì tó ti gbéra, bí USJFKA tí í ṣe ti pápákọ̀ òfuurufú JFK ní New York, mẹ́fà fún ọ́fíìsì tó ń lọ, irú ohun tó wà nínú rẹ̀, díjíìtì ọdún, nọ́ńbà ìfiránṣẹ́, nọ́ńbà àpò nínú rẹ̀, ìwọ̀n àpò. Ẹ rí i pé àpò mọ ibi tó ń lọ. Ohun tí ẹrù kò gbé sínú nọ́ńbà rẹ̀ ni àpò gbé.

Ilé iṣẹ́ bààlúù kò mọ páálí ìyá mi. Àpò ló mọ̀. Ikùn bààlúù èrò ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà àti páálí ayé ń bá rìn, ẹrù èrò ló sì kọ́kọ́ ń wọlé. Bí àyè kò bá sí, àpò á sùn sílẹ̀ de òmíràn. Bí ìrìn àjò bá gba ìlú kẹta kọjá, àpò lè sùn níbẹ̀ náà. Àwọn tó ń gbé àpò mọ̀. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ ka nọ́ńbà àpò, kì í ṣe nọ́ńbà ẹrù, nítorí náà kò sí ìlà tó máa yọ sí wa lójú. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ bí ìfìwéránṣẹ́ ṣe rọ̀ mọ́ èrò tó, kó rántí 2020, ọdún àjàkálẹ̀ àrùn. Nàìjíríà ti pápákọ̀ òfuurufú Èkó àti Àbújá fún ìrìn àjò òkè òkun ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n tó tún ṣí i. Kò sẹ́ni tó fòfin de páálí. Èrò ni wọ́n dá dúró, páálí sì bá èrò jókòó sílé.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí. Ìròyìn náà wà. Ilé ìfìwéránṣẹ́ tó di àpò máa ń fi àkọsílẹ̀ ṣáájú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà sí ti ilẹ̀ kejì, pé àpò báyìí-báyìí ń bọ̀, ohun báyìí-báyìí ló wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá so nọ́ńbà ẹrù mọ́ nọ́ńbà àpò níwájú àwa tó ń retí, ìyá àgbà kan á mọ̀ pé àpò òun ṣì wà nílẹ̀ ní pápákọ̀ kan, kò tíì gbéra. Yóò mọ̀ pé òun ń retí bààlúù, kì í ṣe pé olè ti gbé ẹrù òun. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì yẹn ni oorun alẹ́ kan. Mo ti rí ìyá mi tó dìde ní aago mẹ́ta òru wá bi mí bóyá ó ti kúrò níbẹ̀.

Kọ́sítọ́ọ̀mù, Àdírẹ́sì, àti Ẹni Tó Ni Ín

Ẹyọ kan tí wọ́n dá dúró lóòótọ́, kọ́sítọ́ọ̀mù ló dá a dúró, ó sì ní ìdí. Ní ọ̀gangan ibi tí fọ́ọ̀mù kọ́sítọ́ọ̀mù, CN23, ti béèrè ohun tó wà nínú páálí, àbúrò mi kọ "ẹ̀bùn". Ẹ̀bùn kì í ṣe ohun kan. Ìdí tí wọ́n fi fi ohun kan ránṣẹ́ ni. Fọ́ọ̀mù náà ní àpótí ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń fi àmì sí fún ẹ̀bùn, ó sì ní ìlà ọ̀tọ̀ fún bàtà, aṣọ, awò ojú, iye wọn, ìwọ̀n wọn, àti owó wọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2021 ni òfin àgbáyé ti ní kí irú àlàyé yìí máa ṣáájú ẹrù lọ lórí kọ̀ǹpútà. Ẹrù tí àlàyé rẹ̀ kò bá kún ń rìn lọ sí ibi tí wọn kò ti gbọ́ nípa rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀nà tiwa nìkan ni ìwé ti ń dí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2025, Amẹ́ríkà fòpin sí àǹfààní tí ẹrù tí owó rẹ̀ kò ju dọ́là 800 ní láti wọlé láìsan owó ibodè. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ṣíwọ́ gbígba ẹrù tó ń lọ síbẹ̀, títí tí wọ́n á fi mọ ẹni tí yóò gba owó náà àti bí yóò ṣe gbà á.

Ti àdírẹ́sì kò gbà mí lákòókò púpọ̀. Díjíìtì mẹ́fà ni nọ́ńbà àdírẹ́sì Nàìjíríà, 200 ló bẹ̀rẹ̀ ti Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń kún fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kò mọ tiwa, a ó sì kọ 23401 tàbí 00234. 234 ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pe Nàìjíríà lórí tẹlifóònù. Kò lè darí páálí sí ilé ẹnikẹ́ni. Ní tòótọ́, ohun tó ń darí páálí dé ẹnu ọ̀nà wa ni "ẹ̀yìn mọ́sálásí, ilé alájà méjì tó ní géètì aláwọ̀ ewé" àti nọ́ńbà fóònù. N kò rí àbùkù kankan nínú ìyẹn, bí nọ́ńbà fóònù bá ṣì ṣeé kà.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ìwádìí yìí ni ti ẹni tó ni ẹrù. Ìwé àdéhùn àgbáyé sọ pé ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́ ló ni ín títí tí wọ́n fi máa fi lé ẹni tó tọ́ sí lọ́wọ́, àfi bí òfin ilẹ̀ kan bá gbẹ́sẹ̀ lé e. Ìyá mi ń pè é ní "ẹrù mi" láti ọjọ́ tí àbúrò mi ti fóònù. Lójú òfin, kì í ṣe ẹrù rẹ̀. Títí dé orí káńtà, ti ọmọ rẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ fún ẹni tó ń retí pé kí ẹni tó fi ránṣẹ́ lọ béèrè, kó sì béèrè kí oṣù mẹ́fà tó pé láti ọjọ́ kejì tó fi í sílẹ̀. Nítorí náà ẹni tí kò rí ẹrù kò lè béèrè, ẹni tó lè béèrè kò sì sí níbi tí wọn kò ti rí i. Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n níbí, wọn kò fi orúkọ ẹni tí wọ́n rán hàn wá ká lè bi í.

Ẹrù Keje

Ọjọ́ 6 oṣù Kejì ni àbúrò mi fi ẹrù keje sílẹ̀. Awò ìkàwé méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan aláwọ̀ dúdú, èkejì aláwọ̀ igi, pẹ̀lú bàtà aláwọ rírọ̀ kan. Ìyá mi ti jókòó lé awò rẹ̀ àtijọ́ mọ́lẹ̀ lórí àga, ó ti ń na Bíbélì jìnnà sójú bí ẹni tó ń wo dígí. EMC yọ ní ọjọ́ 9. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan mọ́.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta, ọjọ́ mẹ́tàlélógójì lẹ́yìn EMC, mo mú ìwé ẹlẹ́yìn pupa, mo lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Obìnrin kan ló wà lórí káńtà, ó so ike ìjókòó rẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú okùn.

"Ẹ káàsán, mà."

"Ẹ káàsán, sà. Nọ́ńbà yín dà?"

Mo kà á fún un. Ó tẹ̀ ẹ́, ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi kí n lè rí i fúnra mi. Ìlà kan náà tí mo ti ń wò láti oṣù Kejì ló wà níbẹ̀.

"Kò tíì wọlé, sà. Ẹ ní kí ẹni tó fi ránṣẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi wo ẹ̀yìn. Páálí aláwọ̀ ilẹ̀ ni, títóbi rẹ̀ á tó báyìí. Ọwọ́ obìnrin ló kọ orúkọ sí i, yóò ti fi máákà dúdú kọ ọ́."

Ó wò mí, ó wo ìwé ọwọ́ mi, ó dìde. Ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tó padà dé, páálí náà wà láyà rẹ̀. Igun kan ti wọlé, téèpù ti rọ̀. Ibi tí báàkóòdù yẹ kó wà, bébà ti ya dànù, ó ku lẹ́tà ìkẹyìn méjì àti àbọ̀ díjíìtì kan. Fọ́ọ̀mù tí nọ́ńbà fóònù wà lára rẹ̀ ti bá a lọ. Orúkọ ìyá mi nìkan ló kù, pẹ̀lú orúkọ àdúgbò wa, tí àbúrò mi fi máákà kọ gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ páálí bí ìyá wa ṣe kọ́ wa pé ká máa kọ orúkọ sára gálọ́ọ̀nù omi.

"Ẹ̀rọ ò lè kà á, sà," obìnrin náà wí. "Kò sì sí fóònù tá a lè pè. Ó ti wà níbí láti ọjọ́ mẹ́rin. A ní ẹni tó ni ín á wá."

Mo fọwọ́ síwèé, mo gbé e lọ sílé. Ìyá mi yan aláwọ̀ igi. Kò bọ́ ọ lójú títí di alẹ́, ó fi ka gbogbo ohun tó wà lára páálí oògùn rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ṣe é.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, ìlà tuntun yọ lórí fóònù mi. EMD ni. Mo gbà pé ọ̀dọ̀ ẹni tó pa àkọsílẹ̀ àpò dé ló ti wá, nítorí kò sí báàkóòdù lára ẹrù náà mọ́ tí ẹnikẹ́ni lè kà. Mo gbé fóònù lọ fún ìyá mi nínú ọgbà níbi tó ti ń ṣa ewédú. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó ti awò náà sókè imú, ó ka ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì, ètè rẹ̀ ń mì.

"Wọ́n ní ó ti wọ Nàìjíríà," ó wí, ó sì dá fóònù padà fún mi.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé ẹlẹ́yìn pupa, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago.